Kẹ́ẹ̀gì Epo Tí Mo Ṣọ́ Nílé Ọmọ Mi ní Sàpẹ́lẹ́

Ẹ̀yin ará Ìsẹ̀, ẹ̀yin ará Ọ̀run àti Emùré, ẹ ti ń bi mí léèrè ìrìn-àjò yìí láti ìgbà tí mo ti dé, ẹ̀rín ni mo sì fi ń dá yín lóhùn. Mo wá gbọ́ pé àwọn kan ti ń sọ ọ́ lọ́jà pé àwọn àna mi ló gba epo lọ́wọ́ mi ní Sàpẹ́lẹ́. Irọ́ ni. Nítorí náà ni mo ṣe jókòó kọ ọ́ bó ṣe rí gan-an, kí ẹnu má baà rojọ́ mọ́ aláìṣẹ̀.

Ẹ mọ̀ mí. Tíṣà ni mí títí mo fi fẹ̀yìn tì, ẹ̀rọ tí a fi ń rin ẹ̀gẹ́ ni mo wá gbé sí ẹ̀yìnkùlé mi báyìí. Ẹ tún mọ̀ pé n kì í tètè gba ènìyàn gbọ́. Bí ẹnìkan bá kí mi ju bó ṣe yẹ lọ, ọwọ́ rẹ̀ ni mo máa ń wò. Àwọn àgbà ló sọ pé páńsá ò fura, páńsá já síná. Àjà ò fura, àjà jìn. Èmi ń fura ní tèmi, n ò sì tíì jìn rí.

Kẹ́ẹ̀gì òfìfo

Bùnmi, àbígbẹ̀yìn mi, ló fẹ́ ará Sàpẹ́lẹ́. Ẹ̀fẹ́ lorúkọ ọkọ rẹ̀, ọmọ Ùròbò ni. A ṣe ìgbéyàwó wọn, mo jẹ, mo mu, mo jó, ṣùgbọ́n kí n má parọ́, ọkàn mi kò gbà á. Ọkùnrin tó ń rẹ́rìn-ín ṣáá bẹ́ẹ̀, kí ló ń rí? Mo sọ fún Bùnmi nígbà náà pé, "Ọmọ mi, ọ̀nà jìn o. Bí ọkùnrin yìí kò bá lè bọ́ ọ, ta ni yóò wá sọ fún mi?"

Nígbà tí ó bímọ, ó pè mí kí n wá bá òun wẹ ọmọ. Ibi tí a ti ń sọ̀rọ̀ ọmọ lórí fóònù ló ti mẹ́nu bà á pé ilé-epo tuntun kan ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣí ní àdúgbò wọn, pé wọ́n ń ta epo bẹntiróò ní ẹ̀dínwó kí àwọn èrò lè mọ ibẹ̀. Ó dárúkọ iye tí wọ́n ń tà á. Mo ní kí ó tún un dá. Ẹ̀yin náà mọ ohun tí epo ń fi ojú wa rí níhìn-ín, ẹ̀rọ tèmi sì ń mu ún bí ẹni tí òùngbẹ pa wá láti oko. Mo ní, ṣebí mo ń lọ síbẹ̀ náà? Mo kó àwọn kẹ́ẹ̀gì tí mo fi ń ra epo pupa jọ, mo fi ọṣẹ fọ̀ wọ́n, mo sá wọn sóòrùn, mo fi okùn so wọ́n pọ̀. Mo di iṣu mọ́ ẹrù mi, mo sì gba ọ̀nà lọ.

Ibi tí Yorùbá ti tán

Ní gáréèjì Ìkẹ́rẹ́ ni ọ̀rọ̀ kẹ́ẹ̀gì ti bẹ̀rẹ̀. Dírẹ́bà wò wọ́n, ó wò mí, ó tún wò wọ́n.

"Màmá, kí ló wà nínú ìwọ̀nyí?"

"Atẹ́gùn ni."

"Ẹ jẹ́ n gbóòórùn atẹ́gùn ọ̀hún." Ó ṣí ìdérí kan, ó ti imú bọ ibẹ̀. "Ó dáa. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá ń padà bọ̀ tí epo bá wà níbẹ̀, ẹ má wulẹ̀ wá mi wá o. N ò lè gbé iná sẹ́yìn kí n máa wa mọ́tò."

Mo ní mo ti gbọ́. Nínú mi, mo ní ìwọ nìkan kọ́ lo ní mọ́tò.

A kọjá Àkúrẹ́, a kọjá Ọ̀wọ̀. Níbi tí àwọn agbófinró ti dá wa dúró, ọ̀kan nínú wọn fi ìka gbá kẹ́ẹ̀gì mi, ó dún gbọ̀m gbọ̀m. Ó béèrè pé kí ni ìyá àgbà fẹ́ fi kẹ́ẹ̀gì òfìfo ṣe lọ́nà Bìní. Mo ní ọmọ ni mo fẹ́ lọ wẹ̀. Ó ní ṣé inú kẹ́ẹ̀gì ni wọ́n ti ń wẹ ọmọ ní Èkìtì ni? Gbogbo inú mọ́tò fi mí rẹ́rìn-ín. Èmi ò rẹ́rìn-ín, mo di báàgì mi mú, nítorí níbi tí gbogbo ènìyàn bá ti ń rẹ́rìn-ín ni ọwọ́ ti í dé inú àpò ẹni.

Ní Bìní, mo kí obìnrin kan tó ń ta ọ̀gẹ̀dẹ̀. Ó kàn ń wò mí ni. Mo tún un kí, mo gbóhùn sókè, àfi bí ẹni pé etí rẹ̀ ló di. Ó fi pijin sọ fún mi pé kí n má pariwo mọ́ òun, òun kì í ṣe ọmọ mi. Ibẹ̀ ni mo ti mọ̀ pé mo ti kúrò nílé. Ẹni tí gbogbo Ìsẹ̀ ń pè ní tíṣà ti di ìyá àgbà kan tó gbé kẹ́ẹ̀gì dání tí kò gbọ́ èdè. Ó dùn mí, n ò lè purọ́.

Ọkùnrin tó ń kúnlẹ̀

Bí mo ṣe bọ́ sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà wọn ní Sàpẹ́lẹ́, Ẹ̀fẹ́ sáré jáde, ó kúnlẹ̀ sínú iyanrìn, ó ní, "Migwo." Àbúrò rẹ̀ tó ń jẹ́ Tẹ́gà náà kúnlẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀. Ọkùnrin ń kúnlẹ̀! Ní ọ̀dọ̀ tiwa, àna tó bá mọ ohun tó ń ṣe á na àyà rẹ̀ sílẹ̀ gbalaja. Mo ní kí lèyí, ṣé aṣọ rẹ̀ ni kò fẹ́ kó dọ̀tí ni?

Bùnmi gbé ọmọ lọ́wọ́, ó sún mọ́ mi, ó sọ ọ́ sí mi létí. "Màámi, ẹ dáhùn pé 'vrẹndo.' Bí wọ́n ṣe ń kí àgbà níbí nìyẹn. Wọn ò lè dìde bí ẹ ò bá dáhùn."

Mo jẹ́ kí wọ́n pẹ́ díẹ̀ níbẹ̀ kí n tó dáhùn. Mo fẹ́ mọ̀ bóyá wọ́n á dìde fúnra wọn. Wọn ò dìde.

Ìyá Ẹ̀fẹ́ ń gbé ọ̀dọ̀ wọn. Ó sanra, ó lóhùn, ó gbá mi mọ́ra bíi pé a jọ dàgbà ni. Ó gbé oúnjẹ wá. Ẹ gbọ́ o, sitáàṣì! Sitáàṣì tí a fi ń na aṣọ yìí, wọ́n rò ó lórí iná pẹ̀lú epo pupa títí ó fi ki, ó pọ́n, ó ń fà. Wọ́n fi ọbẹ̀ ẹyìn tì í, ẹja gbígbẹ kún inú rẹ̀. Mo wò ó títí. Èmi tí mo ti ń rin ẹ̀gẹ́ láti ọjọ́ yìí wá, n ò mọ̀ pé omi tí mo ń dà nù ń bọ́ ìdílé kan níbì kan. Mo ní kí ìyá Ẹ̀fẹ́ kọ́kọ́ jẹ nínú tèmi. Ó rò pé ìfẹ́ ni, ó jẹ ẹ́, ó tún jó díẹ̀. Nígbà tí n kò rí i kó ṣubú, mo jẹ tèmi. Ó dùn. Mo jẹ ẹ́ tán, mo fi iyè dénú pé wọn ò ní fi oúnjẹ mú mi.

Ohun tó ń bà mí lẹ́rù jù ni èdè wọn. Wọ́n á máa sọ ọ́ lọ sọ ọ́ bọ̀, n ò ní gbọ́ nǹkan kan, àfi kí n ṣàdédé gbọ́ "Màmá Bùnmi" láàárín rẹ̀, kí wọ́n sì bú sẹ́rìn-ín. Bùnmi ní oúnjẹ tí mo fẹ́ràn ni wọ́n ń bi ara wọn. Bóyá.

Nídìí ẹ̀rọ epo

Òfin kan wà nílé-epo ọ̀hún: kẹ́ẹ̀gì kan ṣoṣo ni wọ́n máa ń rọ fún ẹnì kan bó bá wá. Nítorí náà, bí mo bá ti wẹ ọmọ tán láàárọ̀, mo ti gbéra nìyẹn. Èrò á ti tò lọ bí ilẹ̀ ṣe tẹ́jú tó. Bí wọ́n bá rí mi, wọ́n á ní, "Màmá, ẹ bọ́ síwájú." Èmi ò bọ́ síwájú láìwẹ̀yìn. Ta ló ń fi àyè sílẹ̀ fún ẹni tí kò mọ̀ rí ní ìdí epo? Ọmọbìnrin tó ń rọ epo máa ń pè mí ní "Mama Yoruba," á sì rẹ́rìn-ín. Ojú mi kì í kúrò lára ẹ̀rọ. Mo máa ń ta epo sí àtẹ́lẹwọ́ mi, mo máa ń wò ó bóyá omi wà níbẹ̀. Ohun tó rọjú, ó ní ìdí tó fi rọjú.

Abẹ́ ibùsùn ni mo ń gbé epo mi sí, nínú yàrá tí èmi àti ọmọ ń sùn. Lọ́jọ́ tí Ẹ̀fẹ́ rí i, ẹ̀rín kúrò lójú rẹ̀. Ó ní, "Màmá, ẹ jọ̀ọ́, epo àti ọmọ tuntun kò gbọdọ̀ jọ wà nínú yàrá kan." Ó gbé gbogbo rẹ̀ lọ sí abà kékeré kan lẹ́yìn ilé. Abà náà ní ilẹ̀kùn, kò ní kọ́kọ́rọ́. Mo bi í pé kọ́kọ́rọ́ ńkọ́? Ó ní kò sí olè níbẹ̀. Ẹni tó bá ti sọ fún mi pé kò sí olè, oorun mi ti dá nìyẹn.

Ìlà èédú

Mo mú èédú, mo fa ìlà sára kẹ́ẹ̀gì kọ̀ọ̀kan, ibi tí epo dé gẹ́lẹ́. Kẹ́ẹ̀gì náà mọ́ gààrà, ènìyàn á máa rí inú rẹ̀ láti ìta. Kò pẹ́ tí epo inú ọ̀kan fi sọ̀ kalẹ̀ kúrò lára ìlà mi. Mo ní bóyá oòrùn ló ń fà á. Ó tún sọ̀ kalẹ̀. Èmi mọ oòrùn, oòrùn kì í fà tó bẹ́ẹ̀.

Tẹ́gà ni mo fura sí. Ó ní ọ̀kadà, n ò sì rí i kó ra epo lójú mi rí. Bí ó bá kúnlẹ̀ kí mi, á pẹ́ nílẹ̀, orí rẹ̀ á tẹ̀ bíi ti ẹni mímọ́. Mo ní, ìwọ ni. Ṣùgbọ́n a kì í la àna lójú kí a pè é lólè, ọmọ ẹni ló máa jẹ ìyà ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀. Mo bá dọ́gbọ́n sọ ọ́ fún Ẹ̀fẹ́ pé kòkòrò tó ń jẹ ẹ̀fọ́, ìdí ẹ̀fọ́ ló wà. Mo túmọ̀ rẹ̀ sí gẹ̀ẹ́sì fún un. Ó ní òótọ́ ni, òun náà ti rí kòkòrò lára ẹ̀fọ́ tí ìyá òun gbìn, òun máa wá oògùn rẹ̀. Orí mi fẹ́rẹ̀ẹ́ fọ́.

Bùnmi ń gbọ́ gbogbo rẹ̀. Ó ń fọ aṣọ ọmọ, kò gbójú sókè.

Àálè

Ẹ̀yin tí ẹ ń lọ oko mọ ohun tí mo fẹ́ sọ. Bí a bá ṣẹ́gi jọ sẹ́bàá ọ̀nà, tàbí tí a wa iṣu tí kò ṣe é rù tán lẹ́ẹ̀kan, àálè la ó so sí i, a ó sì bá tiwa lọ. Ẹni tó bá kọjá á mọ̀ pé ó ní ẹni tó ni ín. Ẹ má wò mí bí ẹni tí kì í lọ ṣọ́ọ̀ṣì. Àálè kì í ṣe oògùn lójú mi, àmì ni. Mo wá ṣùkù àgbàdo, mo wá ìkarahun ìgbín, mo fi akísà pupa dì wọ́n pọ̀, mo so ó mọ́ ọrùn kẹ́ẹ̀gì tó wà níwájú. Mo ní ó dáa, kí n rí ọwọ́ tó máa kàn án.

Ẹ ò gbọdọ̀ rẹ́rìn-ín o. Ìyá Ẹ̀fẹ́ rí i, ó bi mí bóyá ìdọ̀tí ni, kí òun bá mi jù ú nù. Tẹ́gà fi táwẹ́ẹ̀lì rẹ̀ kọ́ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Ohun tí ará Ìsẹ̀ á rí tí á yà lọ́nà, ará Sàpẹ́lẹ́ ń fi sá aṣọ! Àálè mi di yẹ̀yẹ́ lójú mi.

Ẹnì kan ṣoṣo ni kò rẹ́rìn-ín. Bùnmi wá sá ìtẹ́dìí ọmọ, ó rí i, ó dúró.

"Màámi, ta ló so èyí?"

"Èmi ni."

"Nítorí ta ni?"

"Nítorí ẹni tó ń mú epo mi ni. Ẹni yòówù kó jẹ́, àálè á wá a kàn."

Ó gbé abọ́ aṣọ rẹ̀, ó wọlé. Èmi ò rò ó sí nǹkan kan. Mo rò pé ojú ń tì í nítorí àna ni.

Agolo mílíìkì

Láti ọjọ́ náà ni ọmọ kò rí ọmú mu mọ́. Bí ó bá ké, Bùnmi á po mílíìkì agolo sínú fídà, á gbé e fún mi kí n fún un. Ọmọ á tutọ́ rẹ̀ dànù, á máa ké títí ohùn rẹ̀ á fi há. Bẹ́ẹ̀ omi ọmú ń gba ara aṣọ Bùnmi jáde! Mo bi í léèrè, ó ní àyà ló ń dun òun. Mo ní jẹ́ kí n fi omi gbígbóná jó o, ó fà sẹ́yìn. Ọmọ bẹ̀rẹ̀ sí í jò. Ojú rẹ̀ ń jìn sínú, ẹ̀rù bà mí dé egungun.

Ta ló ń ra agolo náà wá? Ìyá Ẹ̀fẹ́ ni. Mo ní hẹn, mo ti rí yín. Mo ká a mọ́ ilé ìdáná, pijin ni mo fi bá a sọ ọ́, n ò sì fi òwe sí i lọ́tẹ̀ yìí.

"Kí ló dé tí ẹ ní kí ọmọ mi má fún ọmọ rẹ̀ lọ́mú? Ṣé àṣà yín nìyẹn?"

Obìnrin náà fi ṣíbí sílẹ̀. Omi ti lé sójú rẹ̀.

"Àṣà wa? Èmi ti ń rò pé àṣà tiyín ni! Mo rò pé ẹ̀yin lẹ ní kó má fún un. Ó ní kí n ra mílíìkì, mo rà á. Mo ń sunkún nínú yàrá mi, mi ò fẹ́ bá yín jà, àlejò ni yín."

A wo ara wa. Àwa méjèèjì la ti ń ṣọ́ ara wa kiri ilé. A di ọwọ́ ara wa mú, a wọlé lọ bá Bùnmi.

Ó jókòó lórí ibùsùn, ó dojú kọ ògiri.

"Èmi ni mo mú epo yín, Màámi. Iná ò sí, ooru ń sun ọmọ lára, ó ń le ròrò. Mo bu díẹ̀ sínú jẹnẹrétọ̀ lọ́sàn-án kí fáànù lè fẹ́ sí i, nígbà tí ẹ bá jáde. Wọn ò tíì sanwó fún Ẹ̀fẹ́ níbi iṣẹ́. Mo fẹ́ dá a padà bí wọ́n bá san án."

"Kí ló dé tí o kò sọ fún mi?"

"Kí ẹ lè sọ pé ẹ ti sọ bẹ́ẹ̀ tẹ́lẹ̀? Pé kò lè bọ́ mi?"

Mo jókòó tì í lórí ibùsùn.

"Ẹ̀yin lẹ sọ fún wa láti kékeré," ó ń bá a lọ, "pé ẹni tó bá mú ohun tó ní àálè, ara rẹ̀ á gbẹ bíi ṣùkù. Pé bó bá jẹ́ abiyamọ, ọmú ló máa ń gbà wọ inú ọmọ. Kí n wá fún un mu?" Ẹkún gbà á lẹ́nu. "Ẹ bi gbogbo ayé. Ẹ bi Ẹ̀fẹ́, ẹ ń wo Tẹ́gà bí olè. Ẹ ò bi èmi. Màámi, ulé mi lẹ so ó sí. Ulé mi!"

Mo sáré dé abà. N ò lè tú okùn náà, eyín ni mo fi já a. Mo kó ṣùkù àti ìkarahun àti akísà, mo jù wọ́n sínú iná ìyá Ẹ̀fẹ́. Mo padà wọlé, mo ní, "Mo ti tú u. Ẹni tó so ó ló tú u. Fún ọmọ lọ́mú."

Kò gbé ọmọ. Ó ní, "Ẹ ti tú u, ṣùgbọ́n epo yín náà ni mo mú."

Ọmọ ń ké lápá ìyá Ẹ̀fẹ́. Mo dúró. Kí n má parọ́ fún yín, mo ronú ẹ̀rọ mi ní Ìsẹ̀, mo ronú gbogbo òwúrọ̀ tí mo fi tò lórí ìlà, àní bí ọmọ ti ń ké yẹn. Lẹ́yìn náà mo kúnlẹ̀ níwájú ọmọ tí mo bí.

"Epo yìí, tìrẹ ni," mo ní. "Láti ọjọ́ tí mo ti rà á, tìrẹ ni. Èyí tó wà nínú kẹ́ẹ̀gì àti èyí tí o ti tàn, kò sí tèmi níbẹ̀. O ò mú nǹkan ẹnikẹ́ni."

"Ẹ tún un sọ."

Mo tún un sọ. Ó na ọwọ́ gba ọmọ. Ọmọ náà já mọ́ ọmú bí ẹni pé wọ́n fẹ́ gbà á lọ́wọ́ rẹ̀, ìyá Ẹ̀fẹ́ sì jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó ń dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run ní èdè tí n kò gbọ́. Nígbà tí Ẹ̀fẹ́ dé láti ibi iṣẹ́, wọ́n sọ fún un. Kò rẹ́rìn-ín lọ́jọ́ náà. Ó ní kí n má bínú pé òun kò ní epo nílé. Ọ̀rọ̀ yẹn wọ̀ mí lára ju èébú lọ.

Àbọ̀

Nígbà tí mo fẹ́ máa bọ̀, ara ọmọ ti padà, ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ ti yọ. Mo fi epo sílẹ̀, mo fi kẹ́ẹ̀gì sílẹ̀. Tẹ́gà fi ọ̀kadà gbé mi dé gáréèjì, kò gbowó, n kò sì lè wo ojú rẹ̀. Mo ṣì ń wo ọ̀nà tó gbà, mo ń wò ó bóyá kì í ṣe ibòmíràn ló ń gbé mi lọ. Ara mi kò tíì jáwọ́, kí n sọ òtítọ́.

Bùnmi pọn ọmọ wá sìn mí. A dúró lẹ́nu ilẹ̀kùn mọ́tò. Mo ní bí mo bá tún ń bọ̀, kí ló fẹ́ kí n gbé wá? Iṣu ni? Gààrí ni? Epo pupa?

Ó tún ọ̀já ọmọ dì. Ó ní, "Màámi, ẹ ṣáà máa bọ̀. Ẹ má gbé ohun tí ẹ máa ṣọ́ wá."

Mo wọ mọ́tò. Obìnrin tó jókòó tì mí sọ nǹkan sí mi ní èdè tí n kò gbọ́, ó fi ìborùn rẹ̀ lé mi lọ́wọ́. Mo gbà á, mo fi nu ojú mi títí a fi dé Bìní.